Bàbá Onígòjé Ilé Wa

Èmi kì í ṣe ojo. Ariwo ni mo máa ń fi lé ẹ̀rù lọ, gbogbo ará ilé wa ló sì mọ̀ pé ohùn mi máa ń dé ìta kí èmi fúnra mi tó dé. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, ẹ̀rù bà mí débi pé ohùn yẹn wọlé lọ, kò jáde mọ́. Mo wá ń rìn nínú ilé bíi pé mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

Nítorí ọkùnrin kan ni. Kí ẹ má rò ó síbòmíràn, arúgbó ni, olùkọ́ mi sì ni. Júù ni, òyìnbó tí oòrùn ìlú yìí ti pọ́n láwọ̀, yàrá méjì ló sì háyà nínú ọgbà ìyá mi ní àdúgbò Talladjé. Violon, ìyẹn fáyólìn, ló ń kọ́ àwọn èèyàn. Òun ló kọ́ èmi náà, láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lónìí mò ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní orin nílé ìwé kan ní Plateau, àdúgbò àwọn olówó ní Niamey, kò sì sí ohun tí mò ń kọ́ wọn tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Plateau ni òun náà ti ń gbé tẹ́lẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Zarma, ẹ̀yà kan ní ìlú yìí. Nígbà tí ìyàwó yẹn kú, ilé náà pa rọ́rọ́ lé e lórí, ló bá wá yàrá wá sí ọ̀dọ̀ wa. Mo rántí ọjọ́ tó dé. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ, tí Ògbómọ̀ṣọ́ ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà ní Niamey, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń já ẹrù. Ó rí àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kí ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Bàbá ṣí i. Ìyá mi wò ó, ó mi orí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gòjé ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Violon."

Ìyá mi ní, "Gòjé náà ni mò ń wí."

Láti ọjọ́ náà ló ti di Bàbá Onígòjé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwa kì í pe àgbà lórúkọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí a máa pè é. Lọ́kàn ìyá mi, kò sí ohun tó burú nínú gòjé. Nígbà tó wà lọ́mọge, àwọn Hausa máa ń fi í ṣeré lọ́jà nílé, èèyàn á jó, èèyàn á rẹ́rìn-ín, ó parí.

Àmọ́ Niamey kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin Zarma kan wà tó máa ń dín màsà lẹ́nu géètì wa, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, ó fi ṣíbí ìdínmàsà sílẹ̀. Ó fa èmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ó mọ̀ pé Zarma ìyá mi ò já gaara. Ó ní godye tí àwọn ń pè nínú èdè àwọn, kì í ṣe ohun eré. Òun ni wọ́n fi ń pe àwọn ẹ̀mí kí wọ́n wá gun èèyàn. Ẹni tó bá ń ta á, èèyàn kì í bá a jà, èèyàn kì í sì í dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ káàkiri lójú títì. Ó ní kí n bẹ ìyá mi kó yé pariwo rẹ̀.

Mo jíṣẹ́ náà. Ìyá mi gbọ́ tán, ó ní, "Ṣé àwọn ẹ̀mí yẹn ò níṣẹ́ ni, tí wọ́n á fi wá máa gbọ́ Yorùbá mi?"

Mo ní, "Màmá, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun le. Kò yé pè é bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò mú Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́rọ̀?

Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn méjèèjì ṣe mọwọ́ ara wọn tó. Mùsùlùmí ni ìyá mi, Júù ni Bàbá, ẹran tí ìyá mi kì í jẹ, òun náà kì í jẹ ẹ́, ìyẹn nìkan sì ti tó ìyá mi láti fi gbà á sílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá máa ń tan àbẹ́là sórí tábìlì rẹ̀, á sì dákẹ́. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan bèèrè nígbà kan pé irú ìsìn wo nìyẹn. Ìyá mi dá a lóhùn pé kó lọ gbálẹ̀, pé ẹni tó ní Ọlọ́run ló ní ọjọ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń da Bàbá láàmú ni kí èèyàn bi í ní orúkọ. "Músíò", ìyẹn ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, ó sì fẹ́ kó mọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba, fi ẹ̀rín bi í lédè Faransé pé, "Kí tiẹ̀ ni orúkọ yín gan-an?" Àwọ̀ Bàbá ṣí. Ó di àga mú. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ mìíràn bo ti ọkùnrin náà, tí mo sìn ín dé géètì. Mo ti ń lọ sílé ìwé gíga nígbà yẹn, mo sì ya aláròyé, mo padà wọlé, mo ní kó sọ ohun tó ṣe é.

Ó sọ ọ́. Ó ní ọmọdé ni òun nígbà ogun ńlá ti Yúróòpù, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn Júù lọ pa. Bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti òun ń sá láti ìlú dé ìlú. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwé irọ́ tirẹ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ á kọ́ ọ ní orúkọ tuntun títí yóò fi lè dáhùn bí wọ́n bá jí i lójú oorun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbéra, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu òun jáde ni, "Màmá, kí ni orúkọ mi lónìí?"

Àwa máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìyá tirẹ̀, ẹnubodè ló ń wò.

Lọ́jọ́ kan, lórí afárá kan, sọ́jà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Ọmọ dáadáa, kí ni orúkọ rẹ?" Oorun ṣì wà lójú ọmọ. Orúkọ àná ló dá. Wọ́n fa bàbá rẹ̀ kúrò lórí ìlà. Òun àti ìyá rẹ̀ kọjá, kò mọ bó ṣe jẹ́ títí dòní, bàbá rẹ̀ kò sì kọjá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé àwọn méjì tó kù dé Àríwá Áfíríkà, ibẹ̀ ló ti kọ́ violon, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì gbé e dé Niamey nígbà tó dàgbà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mú jáde láti ilé ni orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀, tí ìyá rẹ̀ máa ń kùn sí i létí nígbà tí wọ́n bá sá pamọ́.

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn. Òun ló tún ń tù mí nínú. Ó ní, "Orúkọ tí ìyá rẹ fún mi yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí lórí ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó lè ní kí n mú ìwé rẹ̀ wá."

Ìgbà tí àwọn ológun wá gbàjọba, kò pẹ́ tí ẹnubodè Nàìjíríà fi tì. Aṣọ ìyá mi há sọ́nà. Iná tó ń ti ọ̀hún wá kú. Ìyẹn ò tíì bà mí lẹ́rù, a ti mọ òkùnkùn tẹ́lẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró ní oríta, tí wọ́n ń yẹ inú ọkọ̀ wò, tí wọ́n ń bèèrè bóyá òyìnbó wà nínú rẹ̀, nítorí ariwo tó gba ìlú pé ilẹ̀ Faransé fẹ́ gbógun wá. Takisí tí mo máa ń wọ̀ lọ sí Plateau á dúró, wọ́n á yọjú wo ojú wa, wọ́n á ní ká máa lọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń ronú pé bí wọ́n bá yẹ ọkọ̀ wò tán, ilé ni yóò kàn.

Àwọn òyìnbó tó kù ń wọ bàálù lọ. Mo lọ bá Bàbá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn lọ. Ìyá mi náà bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Bàbá, àjò ò dùn kí onílé má relé."

Bàbá fi Yorùbá rẹ̀ tó wọ́ dá a lóhùn. "Màmá, ilé dà?"

Ìyá mi ò tún sọ ọ́ mọ́. Èmi tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, ó sì ní òun ti sá tó, pé ẹsẹ̀ tí òun fi ń sá ti tán lára òun. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ẹni tí wọ́n bá wọ́ jáde kò nílò ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ó sì gbọ́ ọ, ó kàn ń fi aṣọ nu violon rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ló wá sọ fún mi nígbà tó wá sọ pé ọmọ òun ò ní wá mọ́. Ó ní níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń jókòó mu tíì, tí a ń pè ní fada, wọ́n ń sọ pé ànásárà kan, ìyẹn òyìnbó, wà ní Talladjé tó ní ẹ̀rọ kan. Pé ẹ̀rọ náà máa ń dún kọ́, kọ́, kọ́, tó fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ wá gbógun ti ìlú. Mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Àpótí onígi kékeré ni, tó máa ń ka ìlù fún akẹ́kọ̀ọ́ kó má baà sáré ju orin lọ. Èmi náà ti fi etí mi gbọ́ ọ títí tí mo fi fẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀.

Mo gbé e lọ rì mọ́ inú àpò gàrí. Ìyá mi bu gàrí, ó bá a pàdé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀bà. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti fèrèsé Bàbá, mo ní kó máa fi ohùn kékeré ta á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù sì ń dín kù, títí tó fi jẹ́ èmi nìkan ló ń wọ yàrá rẹ̀. Ẹni tó ń tajà á kan ilẹ̀kùn, èmi á ti mú ìgbálẹ̀ dání, bíi pé ìgbálẹ̀ lè ṣe ohunkóhun.

Wọ́n wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mò ń sá aṣọ lọ́wọ́. Wọn ò kan géètì, wọ́n tì í wọlé ni. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọkùnrin àgbà kan tó dé fìlà funfun ló ṣáájú wọn, èyí tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú láàárín wọn ló sọ̀rọ̀. Zarma ló sọ. "Ànásárà tó ń gbé níbí dà? Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Ilẹ̀kùn Bàbá wà ní ṣíṣí, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí ó gbọ́ Zarma bí ọmọ ilé, èdè tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi gbé ayé ni. Kí ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn náà ni.

Ìyá mi wà lórí ẹní rẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó fi Zarma rẹ̀ tó wọ́ dáhùn pé arúgbó ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ló bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pariwo ní Yorùbá, bó ṣe máa ń pè é láti ọjọ́ tó ti dé ilé wa, "Bàbá Onígòjé o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta, àlejò ń bèèrè yín."

Ọkùnrin onífìlà yí orí padà. "Godye?"

Inú ìyá mi dùn pé wọ́n gbọ́ ohun tí òun sọ. Ó ní, "Ẹ̀n, gòjé. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta á. Àwọn ọmọ gbogbo àdúgbò máa ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Èmi nìkan ló wà láàárín èdè méjèèjì, etí mi méjèèjì sì ń gbọ́. Mo gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ, mo gbọ́ ohun tí wọ́n rò pé ó sọ. Mi ò mọ̀ bóyá kí n tún un ṣe tàbí kí n dákẹ́, mi ò mọ èyí tí yóò pa á nínú méjèèjì. Mo wo obìnrin onímàsà, tó ti tẹ̀ lé wọn wọlé. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n má pariwo rẹ̀ lójú ọ̀nà."

Kò pa irọ́ kankan.

Oníṣẹ́ẹ̀tì dúdú ní irọ́ ni, ànásárà kì í ta godye, kó gbé e jáde ká rí i. Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí i. Ọ̀dọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó nà ró. "Okùn mẹ́rin. Okùn kan ṣoṣo ni godye ní."

Mò ń ronú ẹni tí mo lè pè, kò sí. Bàbá wo ọkùnrin onífìlà, ó bá a sọ̀rọ̀ ní Zarma, pẹ̀lú ohùn ìyàwó rẹ̀ gan-an, ó ní, "Ọmọ yín ni mo fẹ́, ilẹ̀ yín ni mo sin ín sí. Ẹ jẹ́ kí n ta á, kí ẹ fi etí yín gbọ́ ọ."

Ó gbé e sí èjìká. Okùn tó nípọn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mú, kò fọwọ́ kan àwọn mẹ́ta yòókù. Orin ìyá rẹ̀ ló ta, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ohùn náà ń gbọ̀n, ó ń sunkún lọ sílẹ̀, ó ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi ẹ̀yìn rìn dé ẹ̀gbẹ́ géètì. Mo rí i tí ìbẹ̀rù kúrò lára wa, tó lọ bà lé wọn.

Ọkùnrin onífìlà gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó. Ẹ ní kó dá a dúró." Ó kọjú sí àwọn tó kó wá, inú ń bí i. "Ọ̀sán gangan. Ẹ fẹ́ kó pe ohun tí ẹ ò lè dá padà?"

Wọ́n lọ. Oníṣẹ́ẹ̀tì dúdú ló jáde kẹ́yìn, kò sì kọ ẹ̀yìn sí àpótí yẹn títí tó fi jáde.

Mo ti géètì, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lórí yanrìn. Ìyá mi ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni mo sọ?" Kò mọ̀ rárá. Obìnrin onímàsà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, ìyá mi sì ń sọ "Ah" lábẹ́lẹ̀, tẹ̀súbáà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀pá tó fi ń ta violon ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ó yí sí ìyá mi, ìyá mi tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọmọdé.

"Màmá, kí ni orúkọ mi lónìí?"

Mi ò tíì sọ ìtàn yẹn fún ìyá mi rí. Kò mọ afárá, kò mọ sọ́jà, kò mọ orúkọ àná. Ó kàn dìde lórí ẹní, ó lọ jókòó tì í.

Ó ní, "Èyí tí ìyá tó bí yín sọ yín."

Bàbá sọ ọ́. Orúkọ kékeré ni. Ìyá mi pè é tẹ̀ lé e, ó fi ẹnu Ògbómọ̀ṣọ́ dà á rú, ó tún un pè, Bàbá tún un ṣe fún un, ó tún un pè. Èmi náà pè é. Nígbà tí èmi pè é ni omijé já bọ́ lójú Bàbá. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, òun ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Bàbá ṣì ń gbé nílé wa.